Àárò Ibi Tá Ò Dé Rí

Ẹ bá mi kí àwọn bọ̀ọ̀dá wa ní Houston o. Ayé Benz ti ń lọ, ayé agbádá olówó gọbọi náà ti ń lọ, àpótí géèmù àtijọ́ ló wọ̀lú báyìí. Ẹ mọ èyí tí mò ń sọ, onígi gbàǹgbà yẹn tó ga tó géńdé, tó ní tẹlifísọ̀n níwájú àti ihò tí wọ́n ń ju kọ́ìnì sí, irú èyí táwọn Amẹ́ríkà máa ń tò sí ilé pízà àti ilé ọtí ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, tó jẹ́ pé séǹtì 25 lèèyàn fi ń gbá géèmù bíi Pac-Man lẹ́ẹ̀kan. Òkú ẹ̀ ni wọ́n ń rà o, wọ́n á gbé e wá sí gáráàjì, wọ́n láwọn fẹ́ jí i.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ló kó mi wọ ọ̀rọ̀ yìí. (Mo mọ̀ pé "wọ́n" ló yẹ kí n máa pè é, ọdún mẹ́sàn-án ló fi jù mí lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n kọ ọ́ tán ná.) Ó rí tiẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ń tà á kọ ọ́ síbẹ̀ pé "ó ń tan", ló bá háyà vàn, ó wakọ̀ wákàtí mẹ́rin lọ sí Shreveport ní Louisiana, ó ka dọ́là 700 sílẹ̀, ó gbé e dé. Lóòótọ́ ló ń tan. Gílóòbù orí ẹ̀ nìkan ló ń tan. Pákó ìsàlẹ̀ ẹ̀ ti mumi, ó wú bíi búrẹ́dì tí wọ́n rì bọ tíì, eku ti bímọ sáàárín wáyà, ibi tí wọ́n ń gbọ́wọ́ lé tí wọ́n bá ń gbá a sì kún fún ojú iná sìgá. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ní pààrọ̀ ibi sìgá yìí ni? Ó wò mí bíi pé mo ní kó pààrọ̀ ìyá ẹ̀. "Àbúrò, ìtàn nìyẹn."

Ìtàn ta ni?

Torí nígbà tí Namco ní Japan gbé Pac-Man jáde ní 1980, tí Midway ń ṣe é fún Amẹ́ríkà, ọmọ ọdún mẹ́rin lẹ̀gbọ́n mi ní Mushin, táyà ló ń fi igi tì kiri. Géèmù tó mọ̀ nígbà tó dàgbà díẹ̀ ni èyí tí wọ́n so mọ́ tẹlifísọ̀n ní ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ilé wọn, ibẹ̀ náà nìyá ẹ̀ ti fi etí wọ́ ọ jáde lójú gbogbo àdúgbò torí pé owó àlùbọ́sà ló fi gbá a. 2004 ló dé Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ ilé géèmù yẹn ti tì pa nígbà yẹn. Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀ báyìí, "ìgbà èwe wa", "àwọn ọjọ́ yẹn", ẹ ó rò pé òun àti Pac-Man jọ ṣe jẹ́lé-ó-sinmi ni.

Fírísà ìyàwó ẹ̀ ló kọ́kọ́ jìyà ẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó dáa ní gáráàjì ni fírísà yẹn ń lò, wọ́n yọ ọ́ níná, wọ́n tì í sí kọ̀rọ̀, wọ́n ní fún ọ̀sẹ̀ kan péré. Oṣù keje rèé.

Ọkùnrin tó jẹ́ pé ìyàwó ẹ̀ ló ń pààrọ̀ gílóòbù nílé ló wá di ẹnjiníà. Ó ra ohun tí wọ́n ń pè ní cap kit, àwọn kapásítọ̀ wẹ́wẹ́ tó ń tọ́jú iná, nínú ọ̀rá, láti fi rọ́pò àwọn ti àtijọ́ tó ti gbẹ lára mọ́nítọ̀. Kó tó fọwọ́ kan ìyẹn, ó ní láti tú iná inú gíláàsì mọ́nítọ̀ dànù ná, torí CRT, gíláàsì tẹlifísọ̀n oníkùn àtijọ́ yẹn, ẹ lè ti yọ ọ́ níná kó ṣì di iná mú síkùn. Ẹ wá wo bàbá. Ó wọ ibọ̀wọ́ rọ́bà tí ìyàwó ẹ̀ fi ń fọ abọ́, ó ki ọwọ́ òsì bọ àpò, wọ́n ní tíná bá máa gbé èèyàn kó má baà gba àyà kọjá, ó fi wáyà so sukudiráífà mọ́ irin mọ́nítọ̀, ó wá rọra ń tì í bọ abẹ́ rọ́bà róbótó orí gíláàsì bí ẹni tó ń wá ẹyin lábẹ́ adìyẹ tó ń sàba. Tá! Kò dún ju ẹ̀pà tó fọ́ lọ. "Ẹ̀jẹ̀ Jésù!" Ìyàwó ẹ̀ sáré jáde tòun ti ṣíbí ọbẹ̀. Nígbà tó máa fi dalẹ́, fídíò ti wà lórí WhatsApp. Wọ́n ti gé Ẹ̀jẹ̀ Jésù kúrò.

Orí WhatsApp yẹn gan-an lẹ ti máa rí ìjà. Àwọn alápòótí fi ọjọ́ mẹ́ta jà lórí yẹ́lò ọ̀dà àpótí, èwo ni yẹ́lò gidi, èwo ni yẹ́lò ayédèrú. Bọ̀ọ̀dá kan ní Dallas yọ gbogbo ìfun tiẹ̀ dànù, ó fi Raspberry Pi sí i, kọ̀ǹpútà tí ò ju páálí sìgá lọ, pẹ̀lú MAME, ètò tó ń jẹ́ kí géèmù àtijọ́ ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, tó ti wà láti 1997, ó wá ń gbá ọgọ́rọ̀ọ̀rún géèmù lórí ẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀, inú wọn ń dùn. Wọ́n ṣe é bí ẹni tó ta ilẹ̀ ẹbí.

Mo ṣírò ti ẹ̀gbọ́n mi níkọ̀kọ̀. Àpótí, vàn, mọ́nítọ̀, pákó, rọ́bà etí ẹ̀, ọ̀dà, ó ti di dọ́là 2,400. Ní séǹtì 25, ìgbà 9,600 nìyẹn. Tó bá ń gbá a lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, á fi bí ọdún 26 gbá a kówó ẹ̀ tó pé. Kọ́ìnì gan-an ṣì ń wọ inú ẹ̀ o, òun náà ló ń jù ú sí i, òun náà ló ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣílẹ̀kùn ìsàlẹ̀ kó o jáde, á tún jù ú padà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, jọ̀lọ́ọ̀fù wà, àsun wà, mo ti ń retí kí wọ́n ní aṣọ ẹbí yẹ́lò. Àwọn ọmọ tò síwájú ẹ̀, wọ́n ń fìka fa gíláàsì bíi fóònù, nǹkan kan ò mì. Ó ṣàlàyé: ẹnu yẹ́lò yìí á jẹ àmì róbótó wẹ́wẹ́ 240 àti ńlá mẹ́rin, iwin mẹ́rin á máa lé e. Ọmọ kan ní tó bá wá jẹ ẹ́ tán ńkọ́? Ó ní á tún bẹ̀rẹ̀ lójú ọ̀nà kan náà. Ọmọ náà lọ bu àsun.

Àléébù kan wà lára Pac-Man àtijọ́ yẹn, kì í rántí nǹkan kan. Tẹ́ ẹ bá ti pa á, máàkì yòówù kó wà lókè ẹ̀ ti lọ. Lóru Friday kan ẹ̀gbọ́n mi gbá 41,260, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ sí i rí, ló bá fi í sílẹ̀ ní títàn, ó lẹ páálí mọ́ ọn: Ẹ JỌ̀Ọ́ Ẹ MÁ PA Á. Ọ̀sán Saturday, ìyàwó ẹ̀ ti oko ewúrẹ́ dé pẹ̀lú odidi òbúkọ tí wọ́n gé sínú ọ̀rá mẹ́jọ. Mo bá a gbé e wọlé. Ó wo fírísà, ó wo àpótí, ó ka páálí yẹn dé ìparí, ó wá bẹ̀rẹ̀ mọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Látinú pálọ̀ lẹ̀gbọ́n mi ti gbọ́ tí fírísà bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.