Íńdíà Ra Ohun Tí Í Ṣe Tirẹ̀, Wọ́n Ní Ká Pàtẹ́wọ́

Àwọn òkúta iyebíye Piprahwa, tí wọ́n bá nínú òkìtì ìsìnkú kan ní àríwá Íńdíà pẹ̀lú egungun tí wọ́n gbà pé ó jẹ́ ti Búdà, ẹni tó dá ẹ̀sìn Búdà sílẹ̀, ti dé New Delhi. Ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2025 ni Narendra Modi, olórí ìjọba Íńdíà, kéde tìdùnnú-tìdùnnú pé ohun mímọ́ Búdà ti padà sílé lẹ́yìn ọdún 127. Inú tiwa náà dùn pé wọn kò fọ́n ká sínú àpótí àwọn olówó ní Hong Kong, níbi tí wọ́n ti fẹ́ tà wọ́n ní gbàǹjo. Ṣùgbọ́n a kò ní bá wọn jó ijó yìí, nítorí pé kò sẹ́ni tó dá ohunkóhun padà. Wọ́n tà á ni.

Iléeṣẹ́ Godrej ti Mumbai ló rà á lọ́wọ́ ìdílé Peppé, àtọmọdọ́mọ Gẹ̀ẹ́sì tó wú u jáde; Sotheby's, iléeṣẹ́ tó ń ta ọjà ní gbàǹjo, ló ṣe alárinà. Iye tí wọ́n san, wọn kò jẹ́ ká gbọ́. Ẹ wá wo àdéhùn tó bá a rìn: wọn yóò pàtẹ gbogbo rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, lẹ́yìn náà ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba yóò tọ́jú èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ fún ọdún márùn-ún gẹ́gẹ́ bí ohun àyálò. Àyálò kẹ̀! Ìjọba tó kọ̀wé ní oṣù Karùn-ún pé ogún tí kò ṣeé tà ni, pé ìdílé náà kò láṣẹ láti tà á, òun náà ló di ẹni tó ń yá a lò ní oṣù Keje. Bí ọdún márùn-ún bá pé ńkọ́?

Ohun tó ń bí wa nínú ni pé ìwé tí lọ́yà ìjọba kọ ṣiṣẹ́. Ọjọ́ 7 oṣù Karùn-ún ni gbàǹjo ì bá wáyé. Ìwé náà dé lọ́jọ́ méjì ṣáájú, Sotheby's sì dá ọjà náà dúró. Ẹni tó fẹ́ tajà ti káwọ́ sókè. Ṣé àsìkò yẹn lèèyàn ń fa pọ́ọ̀sì yọ?

A ti ń sọ ọ́ lójú ewé yìí, a ó sì tún máa sọ ọ́, pé ìbéèrè àkọ́kọ́ lórí irú ẹrù báyìí ni: ta ló fún ọ? Ní ọdún 1898, William Peppé wú òkìtì ìsìnkú tó wà lórí ilẹ̀ oko ńlá tó ń bójú tó ní àríwá Íńdíà. Ìjọba amúnisìn fi òfin ọdún 1878 lórí ìṣúra inú ilẹ̀ gba ohun tó rí. Wọ́n fi egungun ta ọba Siam (Thailand òde òní) lọ́rẹ, wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú òkúta náà lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Calcutta, wọ́n sì ní kí Peppé mú ìyókù, pé irú rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ àwọn. Ohun tí àwọn olùfọkànsìn sin mọ́ egungun ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún láti ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún, ni ọ̀gá kan ń pín bí ẹní pín obì! Ẹni tó pín in gan-an, ta ló fún un?

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Ìdílé Peppé ní gbàǹjo ni ọ̀nà tó tọ́ jù láti fi í lé àwọn ẹlẹ́sìn Búdà lọ́wọ́. Ẹlẹ́sìn Búdà wo? Mọ́ńkì tó ń gba oúnjẹ sínú abọ́ ni yóò nawọ́ sókè ní Hong Kong?

Kì í ṣe pé Íńdíà kò mọ ọ̀nà kóòtù. Ní ọdún 1991, kóòtù kotẹ́milọ́rùn ní London gbà pé tẹ́ńpìlì abúlé kan ní Tamil Nadu, ní gúúsù Íńdíà, lè pẹjọ́, ó sì dá ère òrìṣà Shiva tí wọ́n jí gbé níbẹ̀ padà fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iléeṣẹ́ Kánádà tó wà lẹ́nu ẹjọ́ náà ti fowó rà á. Abúlé kan ṣe é. Ìjọba tó ní gbogbo lọ́yà Delhi lábẹ́ rẹ̀ ni kò lè ṣe é. Àmọ́ kí la fẹ́ retí? Ní oṣù Kẹrin ọdún 2016, agbẹjọ́rò ìjọba yìí kan náà dìde níwájú ilé ẹjọ́ tó ga jù nílẹ̀ wọn, ó ní àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò jí Koh-i-Noor, dáyámọ́ǹdì ńlá tó wà lọ́wọ́ wọn, wọn kò sì fipá gbà á. Duleep Singh, ọba Punjab, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọdún 1849, ọmọ ọdún mẹ́wàá ni. Ìgbà tí ariwo ta ni ìjọba tó yí ohùn padà.

Nàìjíríà ti rin ọ̀nà yìí rí. Láàárín ọdún 1950 sí 1972, British Museum ta nǹkan bí 30 nínú àwọn idẹ Benin, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tó fowó rà á. (Ká má tilẹ̀ tíì sọ ti ọdún 1973, nígbà tí Gowon mú orí idẹ kan nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Èkó, tó fi ta ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì lọ́rẹ.) Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ìyẹn oṣù kan péré ṣáájú ìdùnnú Modi, Netherlands kó idẹ Benin 119 fún Nàìjíríà láìgba kọ́bọ̀. Ó ṣeé ṣe, nígbà náà.

A kò bá Godrej jà. Olówó tó náwó sórí ogún ìlú rẹ̀ sàn ju èyí tó fi ra ọkọ̀ ojú omi lọ. Ìjọba tó ń pe ọjà yìí ní àpẹẹrẹ rere ni a ń bá wí, nítorí gbogbo ìdílé ní Gẹ̀ẹ́sì tí bàbá ńlá wọn gbé ère tàbí ìlẹ̀kẹ̀ bọ̀ láti Íńdíà ti rí i pé owó wà níbẹ̀. Kí ìjọba gbé iye tí wọ́n san àti àdéhùn náà síta. Kí òun àti Godrej sì fọwọ́ sí ìwé pé gbogbo òkúta náà, kì í ṣe èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀, di ti gbogbo ará Íńdíà títí láé.