Ọwọ́ àwọn kòkòrò Galaga ló yẹ ká kú sí, kì í ṣe ọwọ́ bọ́tìnnì

Ẹ wò ó, inú ń bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń tẹ èyí. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì ń ta Galaga, gém ọkọ̀ òfuurufú tó ń yìnbọn pa kòkòrò, láwọn ilé gém Abuja yìí àti agbègbè ẹ̀, Kubwa o, Nyanya o, Lugbe o, Mararaba o, ẹ ti mọ nǹkan tí mo fẹ́ sọ kí n tó la ẹnu. Wọ́n tún ti ṣe é fún mi lánàá. Ní sítéèjì 20! Ṣé ẹ gbọ́ mi ṣá? Sítéèjì 20!

Ẹni tó bá mọ gém yìí mọ̀ pé sítéèjì 20 kì í ṣe ibi téèyàn ń ṣèèṣì dé. Níbẹ̀rẹ̀, àwọn kòkòrò yẹn á rọra wọlé, wọ́n á yí po, wọ́n á tò sórí ìlà, ìwọ náà á máa ṣa wọ́n bí wọ́n ṣe ń wọlé, kò le. Àmọ́ tó o bá ti ń lọ sókè, wọn ò ní fún ẹ láyè yẹn mọ́, bí wọ́n ṣe ń wọlé ni wọ́n ń ju bọ́ǹbù, àwọn míì ò tiẹ̀ ní dé orí ìlà rárá, ìwọ gan-an ni wọ́n á wá forí sọ. Ọta 2 péré sì ni ẹ̀rọ gbà kó o ní lójú sìkírìnì lẹ́ẹ̀kan náà. Méjì! Tí méjèèjì bá tàsé, ọwọ́ òfo lo máa dúró títí wọ́n á fi jáde lókè, kòkòrò ò sì ní dúró dè ẹ́. Ìdí nìyẹn téèyàn ò fi gbọ́dọ̀ máa lu bọ́tìnnì bí ẹni ń lu dùndún. Ọta kan, kòkòrò kan. O dúró láàárín, o sún díẹ̀ sọ́tùn-ún, o sún padà, o ò jẹ́ kí wọ́n tì ẹ́ mọ́ igun, torí igun ni ikú wà. Gbogbo ẹ̀ pátá, orí sítíìkì kan àti bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló dúró lé, àwọn méjèèjì yẹn gan-an ni wọ́n wá bà jẹ́ fún wa.

Láti Wuse ni mo ti ń bọ̀ lánàá, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ títì Kubwa ti gba gbogbo agbára mi, mo ní kí n yà sílé gém kí n fi gém tu ara lára kí n tó wọlé. Ẹ̀yìn pátápátá ni ẹ̀rọ Galaga wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn ṣaláńgá, nítorí gbogbo iwájú ti di ti àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí PlayStation. Àwọn ni fáànù ń fẹ́ sí. Àwọn ni wọ́n ń ra páàdì tuntun fún. Tí ọmọ kan bá fi ìbínú la páàdì mọ́lẹ̀ nítorí pé wọ́n gbá góòlù wọlé ẹ̀, wọ́n á ra òmíì lọ́jọ́ kejì. Gém tí iléeṣẹ́ Namco ṣe ní 1981, tí ayé ṣì ń ta títí dòní, òun ni wọ́n tì sẹ́bàá ṣaláńgá.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí bọ́tìnnì yẹn ṣe rí. Pupa ni tẹ́lẹ̀, ó ti ṣí láwọ̀, ẹ̀gbẹ́ kan ti fọ́ lára ẹ̀, wọ́n wá fi sẹ́lótéèpù dì í, sẹ́lótéèpù ọ̀hún ti dúdú, ó ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́. Tó o bá tẹ̀ ẹ́ láàárín, kò ní dá ẹ lóhùn, àfi kó o tẹ̀ ẹ́ látẹ̀gbẹ́ òsì. Tó bá sì wọlé, nígbà míì kì í jáde, èékánná lo máa fi yọ ọ́. Sítíìkì ní tiẹ̀, ọ̀tún ló mọ̀ dáadáa; òsì, ó dìgbà tó bá wù ú. Ohun tí wọ́n ní ká fi dojú kọ sítéèjì 20 nìyẹn o.

Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe ń bá a fà á. Mo wọ sítéèjì 19, Challenging Stage, ibi tí wọn kì í ti í yìnbọn, mo pa gbogbo 40 láìku ẹyọ kan, mo gba póìǹtì 10,000 lé e. Ọkọ̀ ìbejì ni mo fi ń rìn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ adùn ìbejì, ẹ mọ̀ ọ́n: ọkọ̀ 2 lẹ̀ mọ́ra, ọta wọn ń jáde pa pọ̀, ó ń gbá ojú ọ̀nà mọ́ lójú ẹ. Òótọ́ ni pé ó ń fẹ ara ẹ fún bọ́ǹbù, ṣùgbọ́n láìsí ìbejì, àwọn sítéèjì òkè yẹn ò ṣeé bá jà. Béèyàn sì ṣe ń rí i, sùúrù ló gbà. Ọ̀gá àwọn kòkòrò, aláwọ̀ ewé yẹn, á sọ̀ kalẹ̀, á tan iná tó fi ń fa ọkọ̀ sílẹ̀, ìwọ á jẹ́ kó fa ọkọ̀ ẹ lọ, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ ní òmíì nílẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ó ti tán nìyẹn. Ọkọ̀ tó mú á di pupa, á dúró tì í. Má yìn ín nígbà tó wà lórí ìlà, dúró dìgbà tó bá já wá bá ẹ. Ìbọn 2 ló ń gbà, ti àkọ́kọ́ á yí àwọ̀ ẹ̀ padà, ìkejì á pa á, ọkọ̀ ẹ á sì sọ̀ kalẹ̀ wá lẹ̀ mọ́ ẹ. Tí ìkejì yẹn bá pẹ́ díẹ̀, tàbí tó bá lọ ba ọkọ̀ pupa, iṣẹ́ ti bà jẹ́.

Ó ṣe wá di sítéèjì 20. Bọ́ǹbù ń bọ̀ látọ̀tún, mo ní kí n sún sósì, sítíìkì kọ̀. Ó kọ̀ gbáà! Bọ́ǹbù bá gbé ọ̀kan lọ nínú ìbejì mi. Mo ní kò burú. Mo ṣì ní ọkọ̀ nílẹ̀, mo jẹ́ kí ọ̀gá wọn tan iná ẹ̀, ó fà á lọ, mo wá ń ṣa àwọn oyin àti labalábá, ìyẹn àwọn kòkòrò yòókù, díẹ̀díẹ̀, mo ń dúró dè é. Ó já bọ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì, ọta jáde, ó bà á, àwọ̀ ẹ̀ yí padà. Mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó wọlé, kò jáde mọ́! Mo ń fi èékánná yọ ọ́, ọ̀gá wọn ń bọ̀ lórí mi, ọkọ̀ mi pupa ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn, ọmọ kan tó dúró sẹ́yìn mi ń pariwo sí mi létí pé "Ẹ yìn ín, bọ̀ọ̀dá, ẹ yìn ín!", kí ló rò pé mò ń ṣe? Bọ́tìnnì yọ. Mo tẹ̀ ẹ́ látẹ̀gbẹ́ òsì. Iná lọ.

Gbogbo ẹ̀ ṣókùnkùn.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé Galaga ò ní ibi tí wọ́n ń tọ́jú nǹkan sí. Tí iná bá ti lọ, sítéèjì 1 ni. Kódà lẹ́tà 3 tí mo fi kọ orúkọ mi sókè níbẹ̀, tí mo fi ọ̀pọ̀ òógùn gbà, ti lọ. Báńdì A ni wọ́n sì pe àdúgbò wa o! Wákàtí 20 lójúmọ́ ni wọ́n ṣèlérí nígbà tí wọ́n fowó kún owó iná àwọn Báńdì A lóṣù kẹrin 2024, owó yẹn la sì ń san. Wákàtí 20 ọ̀hún dà? Ta ló ń lò ó? Nígbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, iwájú ni wọ́n kọ́kọ́ fún níná, àwọn ọmọ bọ́ọ̀lù ti padà sẹ́nu eré wọn, èmi ṣì dúró nínú òkùnkùn níwájú ẹ̀rọ, òórùn ṣaláńgá ń fẹ́ sí mi nímú.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Kaduna sọ pé kí n má da ara mi láàmú, kí n lo ọgbọ́n àtijọ́ yẹn: ní sítéèjì 1, kí n pa gbogbo wọn, kí n fi oyin 2 tó wà lápá òsì pátápátá sílẹ̀, kí n máa yẹ̀ wọ́n láìyìnbọn fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, títí wọn ò fi ní lè yìnbọn mọ́, tí mo bá wá pa wọ́n lẹ́yìn náà, kò sí kòkòrò tó máa yìnbọn fún mi mọ́ nínú gém yẹn. Òótọ́ ni, àléébù kan wà nínú bí wọ́n ṣe kọ gém náà. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́! Mo fẹ́ kí wọ́n yìnbọn fún mi. Kí n yẹ ọta wọn kí n sì pa wọ́n, ohun tí mo ṣe ń sanwó nìyẹn. Tí mo bá tiẹ̀ fẹ́, ìṣẹ́jú 15 tí iná ò ní ṣẹ́jú, tí ẹnikẹ́ni ò ní fara ti ẹ̀rọ, tí wọn ò ní ní kí n dìde fún ẹlòmíì, ibo ni mo ti fẹ́ rí i?

Mo lọ bá ọ̀gá tó ni ilé gém. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni, ará Kwara, ó jù mí lọ, mo sì máa ń bọ̀wọ̀ fún un. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní kọ́ìnì kan padà, mi ò kú o, iná ló lọ." Ó ní, "Àbúrò, ṣé èmi ni mo mú iná lọ ni? Lọ ra kọ́ìnì míì." Kọ́ìnì tí wọ́n ń tà ní 100 náírà tẹ́lẹ̀, tó ti di 200! Mo ní bọ́tìnnì ńkọ́, ẹ̀gbọ́n? Ẹ gbọ́ ohun tó sọ. Ó ní, "Bọ́tìnnì yẹn ń ṣiṣẹ́, o kàn ò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni."

Èmi! Èmi tí mo ti ń ta gém yìí látìgbà tá a ti ń fi káàtírììjì aláwọ̀ yẹ́lò ta á lórí tẹlifíṣọ̀n ní Minna, tí ìyá wa ń lé wa sùn! Èmi ni mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ bọ́tìnnì! Gbogbo àwọn tó dúró níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín. Títí di báyìí ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń ta mí lára ju iná tó lọ lọ.

Ó sì dùn mí torí pé nǹkan kékeré ni. Súwíìṣì kékeré kan ló wà lábẹ́ bọ́tìnnì yẹn, òun ló ń kú, ẹni tó bá ń tún rédíò ṣe lè pààrọ̀ ẹ̀ kí tíì tó tutù. Owó páàdì kan péré, nínú gbogbo páàdì tí wọ́n ń là mọ́lẹ̀ níwájú yẹn, á tún bọ́tìnnì ṣe, á tún sítíìkì ṣe, á tún ṣẹ́kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ nílé gém káàkiri Abuja, ẹ̀yin náà ni mò ń bá wí, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Owó tiwa náà lowó. Ẹ pààrọ̀ bọ́tìnnì. Ẹ so ẹ̀rọ mọ́ inverter. Ẹ gbé e kúrò nídìí ṣaláńgá. Kó sì jẹ́ lọ́sẹ̀ yìí.