Kóòṣì, Ariwo Yìí Ti Tó Gẹ́ẹ́

Ẹ dé kọ́ọ̀tù básíkẹ́ẹ̀tì èyíkéyìí ní Ìlọrin lẹ́yìn ìrun Alásàrí, ohùn kóòṣì lẹ máa gbọ́ kí ẹ tó gbọ́ bọ́ọ̀lù. "Ọ̀lẹ! Olódo! Ẹ̀yin náà lẹ gba ife lọ́dún tó kọjá?" Bákan náà ló rí ní Ọ̀ffà, bákan náà ní Òmù-Àrán. Tó bá jẹ́ ẹgbẹ́ tó ń fìdí rẹmi ni wọ́n ń sọ ọ́ sí, à bá ní ojú ló ń pọ́n wọn. Ẹgbẹ́ tó ń borí ni o! Ẹgbẹ́ tí ife rẹ̀ ṣì ń dán lórí tábìlì. Wọ́n ní bí àwọn ò bá ń fi èébú ta àwọn ọmọ jí lójoojúmọ́, orí wọn á wú, wọ́n á sùn lọ. Àwọn tó wá wòran náà á sì máa kan sáárá: "Kóòṣì yẹn le gan-an, ìdí tí wọ́n fi ń borí nìyẹn."

Kì í ṣe ìdí ẹ̀ rárá, ó sì ti sú wa láti máa gbọ́ ọ. Ìlọrin la wà, ìlú tí kò léégún, tó jẹ́ ẹṣin leégún ilé baba wọn. Kò yẹ kéèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún ará ìlú yìí pé pàṣán kọ́ ni oúnjẹ ẹṣin. Ẹlẹ́ṣin tó mọṣẹ́, ìjánu ló fi ń darí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gùn ló ń nà án látìgbà tó ti fẹsẹ̀ lé e lẹ́yìn.

Òótọ́ kan wà níbẹ̀, a ò ní jẹ́ kó ṣubú: ẹgbẹ́ tó bá ń borí máa ń dẹwọ́. Ṣùgbọ́n ibi tó ti ń dẹwọ́ ṣeé fi ìka tọ́ka sí, ó ṣeé kà. Ẹ wo ríbáǹdì, ìyẹn gbígba bọ́ọ̀lù tí wọ́n jù tí kò wọ àwọ̀n. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà ṣì ń wá orúkọ, bí bọ́ọ̀lù bá ti kúrò lọ́wọ́ alátakò, àwọn márààrún á kọ́kọ́ wá ẹni tí wọ́n ń ṣọ́, wọ́n á fi ẹ̀yìn dí i lọ́nà, wọ́n á là ẹsẹ̀, kí wọ́n tó gbójú sókè. Ohun tí a ń pè ní box-out nìyẹn. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gba ife, ńṣe ni wọ́n á dúró, wọ́n á máa wo òkè bí ẹni ń wo ọkọ̀ òfuurufú, torí ó ti dá wọn lójú pé àwọn lè fò ju ẹnikẹ́ni lọ. Alátakò tí kò ga tó èjìká wọn á gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, á mú bọ́ọ̀lù, aago á sì fún un ní ìṣẹ́jú-àáyá 14 láti tún jù. Bí èyí bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹjọ nínú ìdíje kan, ẹ ti fún alátakò ní àǹfààní mẹ́jọ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá sọ fún wa, "olódo" wo ló máa kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀yìn dí èèyàn?

Ibi kejì ni sísá padà dẹ́yìn nígbà tí bọ́ọ̀lù bá bọ́ sọ́wọ́ alátakò. Ìṣísẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ ni gbogbo ẹ̀. Ọmọ tó bá dúró ka ọwọ́ sókè sí rẹfirí fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì péré ti pẹ́ jù, ẹni tó ń ṣọ́ ti dé abẹ́ àwọ̀n. Ìkẹta, bọ́ọ̀lù á máa lẹ̀ mọ́ ọwọ́ ẹnì kan. Ìṣẹ́jú-àáyá 24 ni òfin fún ẹgbẹ́ láti jù. Ìràwọ̀ ẹgbẹ́ á máa gbá a mọ́lẹ̀ gbì gbì gbì títí yóò fi ku 7, àwọn mẹ́rin tó kù á dúró bí òpó iná. Ṣé ọmọ tí kò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù láti àárọ̀ ló máa wá fi gbogbo ara ṣọ́ ilé?

Gbogbo rẹ̀, fóònù kan àti ìwé kan tó o. Ẹ gbé ẹnì kan sórí ìjókòó tó ga jù, kó ya kúọ́tà kan péré, ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ẹ fi ìlà pín ìwé sí mẹ́ta, ẹ ka iye ìgbà tí wọn ò ṣe box-out, iye ìgbà tí ẹnì kan rìn dípò kó sáré padà, iye ìgbà tí wọ́n jù láìjẹ́ pé bọ́ọ̀lù kọjá ọwọ́ ẹni mẹ́ta. Ẹ kọ orúkọ síwájú rẹ̀. Ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Ìwé yẹn máa ń dun ọmọ ju èébú lọ, torí kò lè bá ìwé jiyàn.

Ṣùgbọ́n kíkà yẹn ń gba làákàyè, ariwo kò gbà á. Ohun tí kóòṣì wa mọ̀ ni: "Ó yá, súsáìdì mẹ́wàá!" Súsáìdì ni kéèyàn sá láti ìlà ẹ̀yìn dé ìlà kan, kó sá padà, kó tún sá dé ìlà tó jìnnà sí i. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ ẹ̀, torí ó dá wa lójú pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń pàṣẹ ẹ̀ kò ṣírò ẹ̀ rí. Gígùn kọ́ọ̀tù jẹ́ mítà 28. Láti ìlà ẹ̀yìn dé ìlà free throw (ibi tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tí rẹfirí bá fúnni) tó sún mọ́ni jẹ́ mítà 5.8, dé ìdajì jẹ́ 14, dé ìlà free throw òdìkejì jẹ́ 22.2, dé òpin jẹ́ 28. Ọ̀kọ̀ọ̀kan, àlọ àti àbọ̀. Mítà 140 ni súsáìdì kan. Mẹ́wàá á jẹ́ 1,400. Lórí kọnkéré, kì í ṣe lórí pákó! Yíyí padà sì jẹ́ méje nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìgbà 70 lápapọ̀ tí orúnkún àti ojúgun á gba ìró kọnkéré sára. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ ó rí ọmọ mẹ́ta tó ń fi ọwọ́ ra ojúgun, kóòṣì á ní wọ́n ń díbọ́n.

A ò kórìíra eré sísá. Ẹgbẹ́ tí kò bá sáré kò ní mí délẹ̀ ní kúọ́tà kẹrin. Kó wà nínú ètò: mẹ́rin sí mẹ́fà, kí ìsinmi jẹ́ ìlọ́po méjì àkókò tí wọ́n fi sá a, kó má ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ lọ́sẹ̀, kó má sì jẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje. Ohun tó ń bí wa nínú ni kí wọ́n sọ ọ́ di ìyà. Ẹ ti kọ́ ọmọ fún oṣù mẹ́jọ pé ẹni tó ṣẹ̀ ló ń sáré, ẹ wá ń retí kó fi ayọ̀ sáré padà dẹ́yìn lọ́jọ́ ìdíje?

Ti free throw ló burú jù. "Ẹni tó bá ṣì í, súsáìdì kan!" Ọmọ á sá a, á padà wá, ẹsẹ̀ á ti kú, á tún jù. Agbára free throw sì ń tinú orúnkún wá. Bí ẹsẹ̀ bá ti kú, bọ́ọ̀lù ò ní dé ibi tó yẹ, á lu iwájú irin, á padà sẹ́yìn. Ó tún ṣì í nìyẹn, ó tún máa sá. Ẹ ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń ṣì í ni! Kóòṣì tó mọṣẹ́ á wo ibi tí bọ́ọ̀lù lù. Bó bá kúrú, orúnkún ni: "Tẹ̀ ẹ́ sí i." Bó bá ya sọ́tùn-ún tàbí sósì, ìgbọ̀nwọ́ tàbí ọwọ́ kejì tó ń tì í ni. Nínú ìdíje, méjìméjì lèèyàn sábà máa ń jù ú, pẹ̀lú èémí lókè. Kí wọ́n jù ú bẹ́ẹ̀ nígbà ìdánrawò: méjì, kó kúrò, kí ẹlòmíì bọ́ síbẹ̀, ìpele mẹ́wàá, kí ẹnì kan máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Àsìkò ààwẹ̀ ńkọ́? Ní ìlú tó jẹ́ pé ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ń gbààwẹ̀, Ràmàdáànì sì ti bọ́ sí oṣù kejì sí oṣù kẹta báyìí, àsìkò tí ooru ń hó lórí wa, kóòṣì kan á ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni súsáìdì. "Ọkùnrin ni yín." Ọkùnrin náà ń là gùọ́gùọ́, sà! Àánú kọ́ la ń bẹ̀, ìmọ̀ ni. Àìsí omi lára lè fa iṣan tó ń ká àti òòyì, ẹ lè wọ̀n ọ́n: ọmọ tó bá fi kílò kan fúyẹ́ lẹ́yìn ìdánrawò ti pàdánù bíi lítà omi kan, ìyẹn píọ́ wọ́tà méjì. Ẹ gbé iṣẹ́ líle sí wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́yìn ìṣínu. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ìrọ̀lẹ́ jẹ́ ti jíjù sáwọ̀n àti rírìn lórí ètò eré nìkan.

Ẹ tún wo táìmù-áòtù wọn, ìyẹn ìdádúró eré tí kóòṣì máa ń béèrè kó lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ìṣẹ́jú kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjì ní ìdajì àkọ́kọ́, mẹ́ta ní ìdajì kejì. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni gbogbo táìmù-áòtù yín. Kóòṣì á fi ìṣẹ́jú-àáyá 45 bú ìran wọn, rẹfirí á fọn fèrè, wọ́n á dìde láìmọ̀ ẹni tó máa ṣọ́ ẹni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mu omi fún 15. Ẹ sọ ohun kan nípa ṣíṣọ́ ilé, ohun kan nípa jíjù. Kí ọmọ kan tún un sọ. Ó parí!

Wọ́n á wá máa dárúkọ Bobby Knight, kóòṣì ará Amẹ́ríkà, fún wa. Ó gba ife yunifásítì Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀mẹta pẹ̀lú Indiana, ẹgbẹ́ rẹ̀ ti 1976 sì gbá ìdíje 32 láìpàdánù ọ̀kan. Ó tún ju àga sínú kọ́ọ̀tù ní 1985. Àga yẹn nìkan ni tiwa rí kọ́! Ètò eré tí ọkùnrin náà ń kọ́ wọn, tí àwọn márààrún kì í dúró sójú kan, tí wọ́n ń dí ọ̀nà fún ara wọn láìgbá bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ púpọ̀, wọn ò kọ́ ìyẹn. Wọ́n tún máa ń gbàgbé pé yunifásítì yẹn náà ló lé e dànù ní 2000 nítorí ìwà yẹn.

Kí ló dé tí wọn kì í dárúkọ John Wooden, kóòṣì ará Amẹ́ríkà mìíràn? Ife mẹ́wàá ní yunifásítì UCLA láàárín 1964 sí 1975, méje nínú wọn ní àtẹ̀léra. Ẹgbẹ́ wo ló tún borí tó bẹ́ẹ̀ tí oorun ìborí ìbá gbé lọ? Àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá méjì, Tharp àti Gallimore, jókòó ka ohun tó ń sọ nígbà ìdánrawò ní sáà tó lò kẹ́yìn. Bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ ìtọ́ni: ṣe báyìí, gbé ẹsẹ̀ síbí. Ìyìn ò pọ̀, ìbáwí ò pọ̀. Bí ọmọ bá ṣì í, á fi èyí tó tọ́ hàn án, á sín ọmọ náà jẹ, á tún fi èyí tó tọ́ hàn án, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú-àáyá díẹ̀. Ọkùnrin yẹn le o! Ó le débi pé ó ń kọ́ àwọn ọmọ gíga yẹn bí wọ́n ṣe ń wọ ìbọ̀sẹ̀ kó má baà ká jọ, kó má fi ìléròrò sí wọn lẹ́sẹ̀. Líle nìyẹn, kò sì gba ariwo.

Èyí tó wá ń mú orí wa gbóná jù lọ rèé: ta ni wọ́n ń bú? Ọmọ bẹ́ǹṣì ni, èyí tó ń jókòó dúró de àyè. Ìràwọ̀ tó ń gbá ogún ìgbà mọ́lẹ̀, tí kì í ṣọ́ ẹnikẹ́ni, "Alàgbà, rọra o." Ọmọ tó bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ta wọlé, tó ju ẹyọ kan tí kò wọlé, "Jáde!" Láti ọjọ́ náà, bó bá gba bọ́ọ̀lù níbi tí kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ, bẹ́ǹṣì ló máa kọ́kọ́ wò kó tó wo àwọ̀n, á sì ta á fún ẹlòmíì. Ẹ ò ní rí i kó tún jù mọ́. Kóòṣì Gregg Popovich gba ife NBA, líìgì Amẹ́ríkà, márùn-ún ní San Antonio, ìràwọ̀ rẹ̀ Tim Duncan wà nínú gbogbo rẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ó máa ń bá Duncan wí níṣojú àwọn yòókù. Ẹni tó ga jù ló kọ́kọ́ ń gbà á, ta ni ọmọ kékeré tó máa wá fajúro? Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, a ó fi ọ̀tún fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì nìkan ni tiwa ní, orí ọmọ bẹ́ǹṣì ló sì ń já lé. Ìlànà tó rọrùn wà: ẹni tó bá kọ̀ láti sáré padà, ẹ yọ ọ́, ì báà jẹ́ ìràwọ̀. Ẹni tó bá ju èyí tó yẹ kó jù tí kò wọlé, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìgbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ohun tó pa ìtara kì í ṣe ìwà ọmọ rárá. D'Tigress, ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin Nàìjíríà, gba ife Áfíríkà ní 2017, 2019 àti 2021. Nígbà tó di 2022, ìjọba fa Nàìjíríà kúrò nínú básíkẹ́ẹ̀tì àgbáyé nítorí ìjà àwọn olóyè àjọ básíkẹ́ẹ̀tì, wọ́n yí i padà lẹ́yìn bí oṣù kan ààbọ̀, ṣùgbọ́n Mali ti gba àyè wọn ní ife àgbáyé. Àwọn obìnrin yẹn ṣì padà wá gba ti 2023 lábẹ́ kóòṣì Rena Wakama, wọ́n dé ipele ẹgbẹ́ mẹ́jọ ní Òlíńpíìkì Paris 2024, wọ́n sì tún gba ti 2025. Ẹ má sọ fún wa pé ẹni tó ti borí kì í lébi mọ́. Kí kóòṣì tó pe ọmọ ní ọ̀lẹ, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá owó ọkọ̀ oṣù tó kọjá ti dé ọwọ́ ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ kí ebi máa pa wọ́n, ẹ jẹ́ kí ìdánrawò nira ju ìdíje lọ. Ìṣẹ́jú mẹ́rin lórí aago, kí àwọn márùn-ún àkọ́kọ́ fi àmì mẹ́jọ lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀, kí àwọn bẹ́ǹṣì wà níwájú. Kí ríbáǹdì tí ẹ bá fi sílẹ̀ fún alátakò jẹ́ àmì mẹ́ta fún wọn. Kí ẹnikẹ́ni má kúrò lórí kọ́ọ̀tù títí ẹgbẹ́ kan yóò fi dá alátakò dúró lẹ́ẹ̀mẹta léraléra. Ẹ ó rí i pé àwọn ọmọ ló máa máa pariwo sí ara wọn, ariwo tó nítumọ̀: "Òsì rẹ!" "Mo ti mú un!" "Padà!"

Ìbáwí náà ò gbọdọ̀ mọ sọ́dọ̀ ọmọ nìkan. Aago mẹ́rin lẹ dá fún wọn, kóòṣì. Ẹni tó bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ́, súsáìdì márùn-ún. Aago mẹ́rin ààbọ̀ ni ẹ̀yin ń dé, fóònù létí, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ lọ́wọ́. Ìṣẹ́jú ọgbọ̀n nìyẹn. Ìgbà wo lẹ fẹ́ sá tiyín?