Èrìgì kan ṣoṣo, ìgbà mẹ́ta ni wọ́n ti dá mi padà!

Wọ́n tún dá mi padà lónìí nílé ìwòsàn tí mo ti fẹ́ yọ eyín. Wọ́n ní àwọn ò rí fáìlì mi. Èrìgì tó há sínú ẹran, tí kò jẹ́ kí n sùn láti oṣù mẹ́ta, ó ṣì wà lẹ́nu mi. Ẹ gbà mí o!

Ẹ̀yin tí ẹ ń lo prednisolone bíi tèmi, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Ọdún kẹrin rèé tí mò ń gbé mílígíráàmù 10 mì láràárọ̀ nítorí lupus, àìsàn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà. Tí mo bá dé ọjà, wọ́n á ní, "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín ń yọ, owó ti wọlé." Oògùn ló wú mi lójú! Àwọn mìíràn tiẹ̀ ń lọ rà á ní kẹ́mísì láti fi sanra, oògùn tí èmi ń fi omijé gbé mì.

Ìgbà àkọ́kọ́ ló dùn mí jù. Nọ́ọ̀sì tó kọ orúkọ mi sílẹ̀ ní, "Mọ́mì, ẹ má lo oògùn kankan fún ọjọ́ mẹ́ta kí ẹ tó wá." Mo ní, "Prednisolone ńkọ́?" Ó ní, "Oògùn kankan, Mọ́mì." Mo gbọ́ràn. Lọ́jọ́ náà, aago mẹ́fà àárọ̀ ni mo ti débẹ̀, mo jókòó sórí bẹ́ńṣì títí di mọ́kànlá torí iná ti lọ, wọn ò sì tan jẹnẹrétọ̀. Kí wọ́n tó pè mí, ara mi ti ń gbọ̀n, òòyì ń kọ́ mi. Mo bì sẹ́sẹ̀ àga. Wọ́n ní ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ló ń bà mí! Èmi tí mo bímọ mẹ́ta! Ẹ̀gbọ́n mi ń pariwo pé ojú mi ti ń yí. Ìgbà tí wọ́n wá wọn BP mi, ó ti já wálẹ̀ pátápátá. Ọpẹ́lọpẹ́ dókítà àgbà kan tó ń kọjá, tó bi mí pé, "Oògùn wo lẹ ń lò nílé?" Bí mo ṣe dárúkọ rẹ̀ báyìí, ó figbe ta: "Hydrocortisone, kíákíá!" Abẹ́rẹ́ tó ń ṣe irú iṣẹ́ oògùn mi ni, kò sì sí nílé ìwòsàn. Ẹ̀gbọ́n mi ló sáré sọdá títì lọ rà á.

Dókítà yẹn ló ṣàlàyé pé nǹkan kékeré kan wà lórí kíndìnrín tó ń pèsè ohun tí ara fi ń kojú ìnira; tí èèyàn bá ti ń lo prednisolone pẹ́, nǹkan yẹn á ti sùn lọ. A kì í dá oògùn náà dúró lójijì. Tí iṣẹ́ abẹ bá le, ṣe ni wọ́n tún ń fi kún un. Ta ló wá kọ́ nọ́ọ̀sì yẹn ní tiẹ̀?

Ìgbà kejì, wọ́n ní àfi kí n gba lẹ́tà lọ́wọ́ dókítà lupus mi. Ọjọ́bọ̀ nìkan nìyẹn ń wá. Mo wọ mọ́tò lọ, mo wọ mọ́tò bọ̀, wọ́n ki lẹ́tà bọnú fáìlì. Fáìlì dà?

Àbúrò mi ní Lọ́ńdọ̀nù ń lo irú oògùn yìí fún ikọ́ fée. Láti 2020 ni wọ́n ti ń fún wọn ní káàdì pàjáwìrì níbẹ̀, tó ń sọ irú oògùn tí wọ́n ń lò, inú pọ́ọ̀sì rẹ̀ ló ń gbé e sí. Tí èmi bá dákú, ta ló máa sọ ọ́ fún wọn?

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn, ẹ bi wá léèrè oògùn tí à ń lò! Ẹ fi bírò pupa kọ ọ́ síwájú fáìlì, kí ẹ sì ra hydrocortisone sílé. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wá fáìlì mi jáde.