Àgbàrá Òjò àti Ọ̀rá Ọ̀fẹ́

Àgbàrá òjò kò lóun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Onílé ló ń la ojú omi, kí omi má baà gba inú yàrá rẹ̀ kọjá. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé, ní ìlú Èkó wa yìí, àwa onílé gan-an ni a ń fi ọwọ́ ara wa kó ọ̀rá tí a fi ń di ọjà dí ojú omi, a sì tún ń bínú sí ẹni tó bá ní kí a dẹ́kun.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nínú ilé ìtajà ńlá kan ní Súrùlérè, ọkùnrin kan sọ̀rọ̀ burúkú sí ọmọbìnrin tó ń gba owó, nítorí pé ó ní kí ó san náírà 100 fún ọ̀rá. Búrẹ́dì kan àti mílíìkì agolo méjì ni gbogbo ohun tó rà. Ó ní olè ni wọ́n, pé ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún ènìyàn tẹ́lẹ̀, àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ sì ń gbè é.

Ta ló sọ fún wa pé ọ̀fẹ́ ni? Ẹ dúró ti ìyá aláta ní Oyíngbò. Yóò ti ìka bọ ẹnu kí ó lè ya ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan kúrò lára èkejì, yóò da ata sí i, yóò so ó, yóò mú òmíràn fún àlùbọ́sà, lẹ́yìn náà ni yóò kó gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú ńlá. Oníbàárà á tún ní kí ó fi ọ̀kan sí i, bí ẹni tó ń gba èènì. Owó ni ìyá yìí fi ra ọ̀rá, ó sì ti kà á mọ́ iye tí ó pe ata. Nítorí pé a kò rí owó náà ni a kò fi ka ọ̀rá sí, tí a fi ń jù ú sí gọ́tà, níbi tí kì í ti í jẹrà.

Ní oṣù Kẹta ọdún 2002, orílẹ̀-èdè Ireland fi owó sẹ́ǹtì 15 lé orí ọ̀rá kọ̀ọ̀kan tí ilé ìtajà bá fún oníbàárà, ìlò rẹ̀ sì dín kù ju ìdá 90 nínú ìdá 100 lọ. Owó náà kéré. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé olúkúlùkù ní láti ronú, kí ó tó sanwó, bóyá ó nílò ọ̀rá lóòótọ́. Àpò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìtọ́jú àyíká ni owó náà ń wọ̀, ó sì yẹ kí àwọn ilé ìtajà tiwa náà sọ ibi tí tiwọn ń lọ. Ẹni tó bá béèrè èyí kò ṣe àṣejù.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2025 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ní kí òfin tó de ike àlòsọnù fẹsẹ̀ múlẹ̀, ọ̀rá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin kò lè dúró ti gbogbo àtẹ. Ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ jẹ́ kí ọ̀rá ní iye tirẹ̀ lọ́tọ̀ ní ọjà yín, kí gbogbo ọlọ́jà kọ́kọ́ béèrè bóyá oníbàárà mú àpò wá.

Ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. A ń da ọ̀rá sí gọ́tà, òjò rọ̀, a ń fi bọ́kẹ́ẹ̀tì gbọ́n omi jáde nínú pálọ̀, a wá ń ṣépè fún ìjọba. Àwọn ìyá wa ru agbọ̀n lọ sí Ẹbútẹ́ Erò, ewé ni wọ́n sì fi ń di ẹ̀kọ. Ojú kò tì wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀, tí kò sí àpò aṣọ kan ṣoṣo nínú bùútù yín, ìmẹ́lẹ́ ló ń ṣe yín, kì í ṣe ìṣẹ́. Ẹ mú àpò láti ilé. Bí ẹ bá gbàgbé rẹ̀, ẹ san owó ọ̀rá láìjà, kí ẹ tọ́jú rẹ̀, kí ẹ sì tún gbé e wá ní ọjọ́ ọjà mìíràn.