Kí Ló Dé Tí Ojú Fi Ń Tì Wá Láti Sinmi?

Lálẹ́ ọjọ́ kan lọ́dún tó kọjá, mo wa ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé, mi ò sì lè sọ̀ kalẹ̀. Kì í ṣe pé ẹsẹ̀ ń dùn mí o. Mo kàn jókòó ni, ẹ́ńjìnnì ń kùn, fóònù ń tàn lọ́wọ́ mi: àtẹ̀jíṣẹ́ 136 ti ń dúró dè mí. Gbogbo rẹ̀, ọ̀rọ̀ pápá ìṣeré àwọn ọmọdé àdúgbò wa tí wọ́n fẹ́ sọ di ibùdókọ̀ ni. Èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ tó ń jà kí wọ́n má gba pápá náà. Àbúrò mi obìnrin ló jáde wá kan gíláàsì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ti tó ogójì ìṣẹ́jú níbí o. Ṣé kò sí?" Mo ní kí n dá a lóhùn, ẹkún ló jáde.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ ọ́ lọ́kàn pé, "Ta ló rán an níṣẹ́?" Ẹ dúró ná. Ẹgbẹ́ yìí kan náà ló yọ mí nínú ìdánìkanwà. Ọdún méjì gbáko ni mo fi gbé àdúgbò náà láìmọ orúkọ ẹnì kankan. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo bá wọn jáde lọ tún pápá náà ṣe, bàbá àgbàlagbà kan na ìdí okùn tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ sí mi, wọ́n ní, "Dì í mú dáadáa, ọmọ mi." Mo dì í mú títí oòrùn fi wọ̀. Lóru ọjọ́ yẹn, mo sùn bí ẹni tó lo oògùn oorun.

Ìdí nìyẹn tí kò fi yà mí lẹ́nu nígbà tí mo gbọ́ nípa ìwádìí tí Malte Klar àti Tim Kasser, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, gbé jáde lọ́dún 2009. Wọ́n ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀wé sí ọ̀gá ilé oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ wọn. Àwọn kan kọ̀wé pé kí oúnjẹ túbọ̀ dùn. Àwọn yòókù kọ ọ́ lórí ohun tó tọ́ tó sì yẹ nípa oúnjẹ náà. Ara àwọn tó jà fún ohun tó tọ́ ló yá gágá jù. Lẹ́tà kan péré o!

Ibo wá ni ọ̀rọ̀ ti wọ́? Ohun tó dá mi jókòó sínú ọkọ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní burnout, ìyẹn kí iṣẹ́ tán èèyàn lókun pátápátá. Herbert Freudenberger, onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1974. Ara àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn fún iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́ ní New York ló ti rí i, ó sì ṣe òun náà. Àìróorunsùn, orí fífọ́, ìbínú òjijì. Ó ní àwọn tó nítara jù ni ó máa ń mú. Àmọ́ lọ́dún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ nìkan ni, pé ká má fi pe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ẹ ò rí nǹkan!

Lójú tèmi, iṣẹ́ náà kọ́ ló ń pa wá. Ẹni tó ń gbowó oṣù ní àkókò tó ń ti ọ́fíìsì, ó ní ìsinmi ọdọọdún. Ajàfẹ́tọ̀ọ́ ò ní méjèèjì, bó bá sì ní ó rẹ òun, ojú ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n á fi wò ó. Èmi gan-an ti fojú yẹn wo ẹlòmíràn rí. Nígbà tí arábìnrin kan kọ̀wé pé òun fẹ́ sinmi díẹ̀, ohun tí mo kọ sábẹ́ rẹ̀ kò ju "A ti rí i" lọ. Mi ò béèrè àlàáfíà rẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé alẹ́ inú ọkọ̀ yẹn, mo kọ tèmi: oṣù méjì, kí wọ́n wá akọ̀wé mìíràn, tí mo bá padà, okùn ni mo fẹ́ máa dì mú. (Ọ̀rọ̀ pápá náà ò tíì yanjú títí di òní.) Mo rí i pé èèyàn 41 ti kà á. Kẹ́kẹ́ pa. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn mẹ́ta ti yọ́ kọ̀wé sí èmi nìkan. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí: "Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe rí ẹnu sọ ọ́?"