Ọjọ́ Márùn-ún Gbáko, Wọ́n Ní Ọ̀mì Ni

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé tẹ́ ẹ ń sọ pé àwa tá a wà lókè òkun là ń jayé, ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe jẹ tèmi. Mo gba lìífù, mo kó ìyàwó mi àti ìbejì wa wọ ọkọ̀ òfurufú ní London, ó ju wákàtí mẹ́jọ lọ lójú sánmà, ká tó balẹ̀ sí Barbados. Oṣù kẹta ọdún 2022 ni. Òkun ń bẹ níbẹ̀, omi ẹ̀ mọ́ gaara, àwọn èèyàn ń san owó gọbọi torí ẹ̀. Ojú fèrèsé takisí ni mo ti rí i. Pápá Kensington Oval ní Bridgetown là ń lọ, ibẹ̀ la sì ń jókòó sí láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi fẹ́ ṣú, à ń wo àwọn géńdé tó wọ funfun látòkè délẹ̀. Nígbà tí mo fi fọ́tò wọn ránṣẹ́ sí màmá mi n'Íbàdàn, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé ìjọ Sẹ̀lẹ́ ni? Kí ló dé tí wọ́n wọ bàtà?"

Kẹ́hìndé ló kó mi sí i. Ọmọ tí mo ra jẹ́sì Super Eagles fún kó tó mọ̀ ọ́n rìn, ilé ìwé ló lọ tó fi kó kírìkẹ́ẹ̀tì wálé. Kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n ń parí láàárín wákàtí mẹ́ta o. Test ni tiẹ̀.

"Ọjọ́ márùn-ún ni, Dádì."

"Ìdíje ọlọ́jọ́ márùn-ún?"

"Rárá sà. Eré kan ṣoṣo."

Ó ní wọ́n máa ń dáwọ́ dúró jẹun ọ̀sán fún ogójì ìṣẹ́jú. Tó bá tún yá, wọ́n á lọ mu tíì, ogún ìṣẹ́jú. Èmi tí mo ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni ìsinmi mi, wọ́n sì ń yọ ọ́ nínú owó. Mo ní, "Kẹ́hìndé, ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù iṣẹ́ yẹn?"

Èyí tó wá le jù ni pé, ta ni ká tì lẹ́yìn? England ló ń kojú West Indies, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn erékùṣù Kàríbíà, Barbados sì wà nínú wọn. Àwọn ìbejì ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì, ibẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Wọ́n de fìlà England, wọ́n lọ dara pọ̀ mọ́ àwọn òyìnbó Barmy Army, alátìlẹ́yìn England tó ń fun kàkàkí, tí oòrùn ti bó lára. Èmi ńkọ́? Mo ti ṣèdánwò kí wọ́n tó fún mi ní páálí: ìbéèrè 24, ìṣẹ́jú 45, títí kan ọ̀rọ̀ àwọn ìyàwó Ọba Henry Kẹjọ. (Mẹ́fà ni. Bàbá bàbá mi fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, wọn ò sì bẹ́ ẹnì kankan lórí nínú wọn.) Mo yege, mo búra fún Ọbabìnrin, mo rò pé ó tán. Àṣé ó ṣì ku ọ̀kan. Lọ́dún 1990, olóṣèlú kan tó ń jẹ́ Norman Tebbit ti ní bẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá àwọn tó wá láti Éṣíà ti di ọmọ onílé, ẹ wo ẹni tí wọ́n ń tì lẹ́yìn nídìí kírìkẹ́ẹ̀tì, ṣé England ni àbí ìlú tí wọ́n ti wá. Ọmọ Ìbàdàn tó wá jókòó sí Barbados ńkọ́? Tebbit ò débẹ̀ yẹn.

Mo gbìyànjú o. Lọ́jọ́ kìíní tí Joe Root ń lu bọ́ọ̀lù kiri, mo ń pàtẹ́wọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ìyá àgbà kan, ará Barbados, jókòó tì mí pẹ̀lú kúlà wọn. Nígbà tí àwọn eléré lọ jẹun, wọ́n ṣí i. Cou-cou àti ẹja tó ń fò. Ìyẹ̀fun àgbàdo ni cou-cou, wọ́n se é pọ̀ mọ́ ilá, wọ́n fi igi pẹlẹbẹ kan rò ó lórí iná títí ó fi dì. Mo ní kí ìyá ṣàpèjúwe igi náà fún mi. Ọmọrogùn ni, ẹ má jiyàn. Mo wo abọ́, mo wo ìyàwó mi, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ìyá bù ú fún mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta lò ń tì lẹ́yìn?" Òkèlè ti wà lẹ́nu mi. Ìdánwò Tebbit, inú abọ́ yẹn ni mo ti fìdí rẹmi.

England kó ayò 507 jọ, wọ́n ní ó tó, kí àwọn yòókù wá lù. Balógun West Indies, Kraigg Brathwaite, ọmọ Barbados, jáde sí wọn. Igi mẹ́ta ló wà lẹ́yìn ẹni tó ń lù, bí bọ́ọ̀lù bá wó o, wọ́n ti yọ ọ́ nìyẹn. Brathwaite dúró síwájú ẹ̀ bí ayálégbé tí onílé gbé lọ́yà wá bá. Wọ́n ju bọ́ọ̀lù, ó fi pátákó dá a dúró. Wọ́n tún jù ú, ó jẹ́ kó kọjá. Àwọn ìbejì lọ ra áísíkiriìmù, wọ́n padà dé, ó ṣì wà níbẹ̀. A lọ sùn, a jí, ó ṣì wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀lù 489 ló kojú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé wákàtí méjìlá, ayò 160 péré.

Táyé ní, "Dádì, ọkùnrin yìí sú mi."

Mo ní ìwọ lo sú èmi. Ẹni tó ti dúró de páálí rí ló lè mọ ohun tí ọkùnrin yẹn ń ṣe. Lẹ́tà dé, o fèsì. Wọ́n ní kó o mú bíìlì iná wá, o mú un wá. Wọ́n ní bíìlì ti pẹ́ jù. O ò bínú, o ò sáré, o sáà ṣì wà níbẹ̀. Ìgbà tó pé ọgọ́rùn-ún, èmi àti ìyá oníkúlà la kọ́kọ́ nàró.

Alaalẹ́ ni màmá ń pè láti Ìbàdàn. "Ta ló na èkejì?" Wọn ò tíì parí, Mà. "Òjò ni?" Rárá, Mà. Lọ́jọ́ karùn-ún, Brathwaite tún jáde, wọn ò tún rí i yọ. Nígbà tó yá, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n gba ilé lọ. Ọ̀mì. Màmá dákẹ́ lórí fóònù. "Ọjọ́ márùn-ún. Pẹ̀lú owó ọkọ̀."

Kẹ́hìndé gba fóònù, ó ní Màmá Àgbà, kékeré nìyí, lọ́dún 1939 ní Durban, England àti South Africa gbá a wọ ọjọ́ kẹwàá, ọkọ̀ ojú omi tó máa gbé England relé ló fẹ́ já wọn sílẹ̀ tí wọ́n fi pa á tì, kò sì sẹ́ni tó borí. Màmá ní kó gbé fóònù fún mi. Wọ́n bi mí bóyá mò ń gbàdúrà fún ọmọ yìí.

A ti padà sí London nígbà tí wọ́n tún pàdé ní Grenada. Ọjọ́ kẹrin bọ́ sí Sunday, ọjọ́ àwọn ìyá sì ni, ẹ mọ bí ìdúpẹ́ ṣe máa ń pẹ́ tó. Mo ti fi fóònù sáàárín Bíbélì, nínú ìwé Jóòbù. Ayò 28 péré ló kù fún West Indies láti borí, ta ló sì tún gbé pátákó jáde? Brathwaite! Wọ́n kó o tán, England ò rí ẹnì kankan yọ nínú wọn. Pásítọ̀ ń ka orúkọ àwọn tí ò tíì san owó ilé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ nígbà tí "Halelúyà!" já bọ́ lẹ́nu mi. Gbogbo ilé dákẹ́. Kẹ́hìndé tó wà nídìí ìlù tẹjú mọ́ mi, ó ti mọ̀. Pásítọ̀ gbójú sókè, wọ́n ní ẹnì kan ti gba tirẹ̀, kó jáde wá síwájú wá jẹ́rìí.

Mo wo ìyàwó mi.

"Bàbá ìbejì, ẹ dìde, ẹ lọ sọ fún wọn."